Bí A Ṣe Ń Fa Omi Odò Sí Àkùrọ̀ Láì Fa Ẹja Mọ́ Ọn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Apẹja ní Èkìtì

Ní àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé-Èkìtì, nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín, ẹ̀rọ ìfami kan dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lójijì. A rò pé bẹntiróòlù ló tán, àmọ́ bẹntiróòlù ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a tú ojú rẹ̀, ìpẹ́ ẹja ló lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, egungun wẹ́wẹ́ há sí ẹnu ọ̀nà omi, ọmọ ẹpìyà méjì tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ sì wà nínú páìpù, wọ́n ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Mo rìn wọ inú poro tòmátò tí a ti ń bomi rin láti àárọ̀, mo sì rí àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbẹ mọ́ ẹrẹ̀, tí eèrà ti ń kó wọn lọ. Ọkùnrin tó ni oko náà wò wọ́n, ó ní, "Àṣé èmi náà ń pẹja." Kò sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ní ilẹ̀ wa ni pé ìgbà tí àgbẹ̀ nílò omi odò jù lọ ni ìgbà tí ẹja kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò ló ń bomi rin oko fún wa, ẹ̀rọ ìfami sì wà ní ìdúró nínú ilé. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láàrin òkè wa á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n á gé sí ibú-ibú, ẹja tó ti tàn káàkiri ní ìgbà òjò á sì kó ara wọn jọ sínú ibú mélòó kan. Inú ibú wọ̀nyẹn gan-an ni a ń sọ páìpù sí. Gbogbo àgbẹ̀ Èkìtì ló mọ ohun tí èbù iṣu jẹ́. Bí ebi ti wù kó pa ilé tó, a kì í se èbù jẹ tán. Ẹja tó wà nínú ibú ní oṣù kejì ni èbù odò. Àwọn ni yóò bímọ tí yóò tún odò kún nígbà tí òjò bá dé, àwọn ni apẹja àti ìyá tó ń yan ẹja tà lọ́jà yóò sì máa jẹ lára wọn títí ọdún yóò fi yí.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ alábẹntiróòlù fa omi sí oko ẹ̀fọ́, ata, tòmátò, kùkúḿbà tàbí ìrẹsì, àti fún àwọn tó ń gé omi sí poro láti ẹ̀gbẹ́ odò tàbí láti adágún. Iṣẹ́ náà ni pé kí a fi àgò onírin tí àwọ̀n bò yí ìdí páìpù ká nínú omi, kí ẹja má baà wọ̀ ọ́. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ọ̀pá irin, àwọ̀n, téèpù àti wẹ́dà kan lọ. Apá tó le jù nínú rẹ̀ ni àdéhùn láàrin ènìyàn, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ omi yín àti ẹja inú rẹ̀

Ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó rìn létí odò. Ẹ lọ ní ìdájí, kí oòrùn tó ràn, kí ẹ sì mú ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó ń dẹ ìgèrè sínú ibú kan fún ogún ọdún mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń sọ páìpù sínú rẹ̀ lọ. Ẹ bi í léèrè ibi tí omi ti jìn jù, ibi tí ẹja ń kó sí lọ́sàn-án, àti ibi tí ọmọ ẹja ń jẹ̀ sí.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nípa ẹja tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé etí omi tí kò jìn, níbi tí oòrùn ti ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni ẹpìyà ń gbẹ́ ìtẹ́ sí, ó sì lè bímọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Nínú àwọn ẹpìyà kan, abo ń kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu títí wọn yóò fi gbójú. Bí ẹ̀rọ bá gbé ìyá kan, ó gbé gbogbo agbo ilé náà lọ. Èkejì ni pé àrọ̀ ń dúró de ìkún omi ìgbà òjò kó tó yé ẹyin rẹ̀ sára koríko tí omi bò, ẹyin náà á sì pa láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fa omi ní oṣù kẹta fi ń pa àgbà àrọ̀ àti ọmọ ẹpìyà, tí ẹni tó tún ń fa omi nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ sì ń pa ọmọ àrọ̀ tí kò tíì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Kò sí asẹ́ tí a lè fi owó àgbẹ̀ rà tí yóò dá irú ọmọ ẹja bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tó lè gbà wọ́n ni kí a pa ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ tí odò bá ń kún, nígbà tí oko pàápàá kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn bí ẹ̀rọ yín ṣe ń fa omi tó

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ kì í sábà bá ohun tó ń ṣe lóko mu, pàápàá bí oko bá wà lókè odò tí páìpù sì gùn. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù 200 lítà kan síbi tí omi ti ń jáde, kí ẹnì kan di aago orí fóònù mú, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gba omi láti kún un. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó yá jù. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 25, ẹ fi 25 pín 200, ẹ ó rí 8: lítà 8 ni ẹ̀rọ yín ń fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 13, ó ń fà díẹ̀ ju lítà 15 lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣe ìṣirò bí àgò yóò ṣe tóbi tó

Gbogbo ẹ̀rọ ìfami ló ní asẹ́ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìdí páìpù tó ń wọ odò. Nítorí òkúta ni wọ́n ṣe ṣe é. Ojú ihò rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ kéré, gbogbo omi tí ẹ̀rọ ń fà sì ń gba ojú kékeré yẹn wọlé pẹ̀lú agbára tí ọmọ ẹja kò lè lúwẹ̀ẹ́ kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti fi àwọ̀n tó ṣe tímọ́tímọ́ wé asẹ́ yìí, a ti dáàbò bo ẹja nìyẹn. Rárá o. Ẹja kò ní wọ inú ẹ̀rọ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipá omi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àwọ̀n títí yóò fi kú. Ohun tí a ń wá ni kí omi máa wọlé jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja tó bá sún mọ́ ọn lè yí ìrù padà kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìyẹn fi ṣeé ṣe ni kí a fi àgò ńlá yí asẹ́ kékeré náà ká, kí omi lè rí ojú tó gbòòrò gbà.

Ẹni tó bá mọ ìgèrè yóò tètè lóye àgò yìí. Ìgèrè ń jẹ́ kí ẹja wọlé, kò ní jẹ́ kó jáde. Àgò tiwa, kò ní jẹ́ kó wọlé rárá.

Báwo ló ṣe yẹ kí omi rọra tó? Àwọn tó ń ṣe àbójútó ẹja ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ẹja sámọ́ńnì lọ́wọ́ ẹ̀rọ àgbẹ̀, fi òté lé e pé níbi asẹ́ tí kò ní ohun tó ń fọ ara rẹ̀, omi kò gbọdọ̀ yára ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbi èyí tó ń fọ ara rẹ̀, wọ́n gbà kó tó 12. Kì í ṣe ẹja tiwa ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja kékeré ni ọmọ ẹja kékeré, èmi sì fara mọ́ 6 náà. Ohun tó túmọ̀ sí fún wẹ́dà nìyí: lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nílò nǹkan bí 170 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin lára àwọ̀n. Ẹ sọ ọ́ di 200 kí ìṣirò lè rọrùn.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń fa lítà 8 nílò 1,600. Bí ẹ bá ṣe àgò roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, àyíká rẹ̀ á tó 94. Bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 40, ara rẹ̀ á jẹ́ 3,760. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì ohun tí a nílò lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ewé àti èérí á ti dí ìdajì rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń fa lítà 15, tó nílò 3,000, ẹ jẹ́ kí gígùn àgò náà di 60, ara rẹ̀ á sì jẹ́ 5,640. Apá tó bá wà lábẹ́ omi nìkan ni kí ẹ kà. Èyí tó bá yọrí sókè kò wúlò fún ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkọ́ àgò

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ọ̀pá irin mìlímítà 6 ṣe òrùka mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀, kó sì fi ọ̀pá mẹ́fà tó dúró gbọọrọ so wọ́n pọ̀. Ẹ fi wáyà adìẹ wé egungun irin yìí lákọ̀ọ́kọ́. Wáyà adìẹ kò lè dá ọmọ ẹja dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé àwọ̀n gidi dúró kí ipá omi má baà fà á wọ inú. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó wá fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ sí, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán an pọ̀ kí ojú rírán má ṣí sílẹ̀. Àwọ̀n irin tí kì í dípẹtà ló tọ́jọ́ jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọ̀n ọlọ́ràá tó le náà ń ṣiṣẹ́ bí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo ti dán an wò, mo sì kábàámọ̀. Láàrin wákàtí kan, ewédò aláwọ̀ ewé ti bò ó tán, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, nẹ́ẹ̀tì náà fà wọ inú páìpù bí aṣọ tí ajá ń fà, a sì fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà fa òwú kúrò lára abẹ̀bẹ̀. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ lórí àwọ̀n, ọwọ́ ẹlẹ́rọ ni mo kó o lé.

Ohun kan wà tí àwọn wẹ́dà máa ń gbójú fò. Bí ìdí páìpù bá wà ní ìpẹ̀kun kan nínú àgò, omi á máa rọ́ gba ìpẹ̀kun yẹn nìkan wọlé, ìyókù ara àgò á sì di ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹ rí i pé asẹ́ kékeré orí páìpù wà ní àárín gbùngbùn àgò, kí ó jìnnà sí àwọ̀n níbi gbogbo. Bí àgò bá gùn tó 60, ẹ fi páìpù ọlọ́ràá tí ẹ ti lu ihò sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀ sí àárín rẹ̀, kí ó lè máa fa omi láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìdánwò, ẹ gbé e sínú omi tó mọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì da iyẹ̀fun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí i tó ń sáré lọ sí ojú kan ṣoṣo, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ ṣe ìdérí àti ìdí àgò náà pẹ̀lú àwọ̀n kan náà, kí ìdérí rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì tó ṣófo, tí a ti dé dáadáa, so mọ́ ọn lókè kí ó lè léfòó.

Ìgbésẹ̀ 5: Gbígbé àgò sínú omi

Àgò kò gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ibú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ hàn lójú omi. Ẹ jẹ́ kí okùn àwọn kẹ́ẹ̀gì gùn kí àgò lè rì pátápátá, kí àyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan sì wà láàrin òun àti ìsàlẹ̀. Níbi tí omi bá ṣì ń ṣàn, ojú ìṣàn ni kí ẹ gbé e sí, kí omi lè máa gbá ewé àti ọmọ ẹja kọjá lára rẹ̀ dípò kó máa tì wọ́n mọ́ ọn. Ẹ yẹra fún etí tí koríko wà àti ibi tí ilẹ̀ rí kòtò-kòtò roboto lábẹ́ omi. Ìtẹ́ ẹpìyà ni.

Ní ti àkókò, ẹ má tan ẹ̀rọ ní ìdájí. Afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi máa ń dín kù jù ní kété kí oòrùn tó yọ. Bí ẹ bá dé ibú tí ẹ rí ẹpìyà tó ń yọ ẹnu sójú omi láti gba atẹ́gùn, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi àrọ̀ ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé àrọ̀ lè mí láti ojú sánmà, ó sì lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ tí ẹpìyà ti kú sí tán.

Ẹ gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jìnnà sí etí omi, kí ẹ tẹ́ àwo sábẹ́ rẹ̀, kí epo má baà máa kán sódò. Ẹ má sì fọ ẹ̀rọ ìfọ́noògùn yín nínú ibú. Àtijọ́, Gamalin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n rà fún kòkó, ni àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja. Ẹni tó ń ṣan ìyókù oògùn apakoríko sínú ibú lónìí lè má ní èrò ibi lọ́kàn, àmọ́ ẹja kò mọ ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Fífọ̀

Ẹ fọ àgò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rọ epo sínú ẹ̀rọ. Mo so ó mọ́ epo nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbàgbé epo. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé àgò sókè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle gbá a láti inú síta, ẹ wo ojú rírán rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ohùn ẹ̀rọ bá yí padà tàbí tí omi tó ń jáde bá fà, kí ẹ tó fura sí ẹ̀rọ, ẹ wo àgò.

Fún ẹni tí oko rẹ̀ kéré: kànga etí odò

Bí oko yín kò bá ju poro mélòó kan lọ, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju àgò lọ. Níbi tí ilẹ̀ àkùrọ̀ bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ gbẹ́ kòtò kan sí ìwọ̀n mítà 2 sí 3 sí etí odò, kí ó jìn kọjá ìsàlẹ̀ ojú omi odò náà. Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù tí a ti lu ihò sí lára sínú rẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, omi odò á sì máa gba inú yanrìn wá bá yín. Yanrìn ni asẹ́, kò sí ẹja tó lè gba ibẹ̀, kò sì sí ewé tó máa dí i. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé ó ń lọ́ra: ẹ̀rọ á fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹ ó sì dúró kó tún sun. Níbi tí ilẹ̀ bá sì jẹ́ amọ̀ tàbí tí àpáta bá wà nítòsí, bó ṣe wọ́pọ̀ ní Èkìtì, ẹ má fi agbára yín ṣòfò.

Níbi tí omi ń gba poro ńlá wọ oko

Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ bọ̀, ti ẹlẹ́rọ ni. Ti àwọn tó ń gé omi láti odò tàbí láti ìsàlẹ̀ adágún yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn adágún bíi ti Èrò ní Ìkùn-Èkìtì, ti Ẹgbẹ́ àti ti Ìtàpàjì ní aláṣẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà omi níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ìjọba fi síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú poro tí àgbẹ̀ fúnra wọn là, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a gbé asẹ́ dábùú poro bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ewé á dí i, omi á ya, ẹja á sì há mọ́ ibẹ̀. Ẹnu poro gan-an, níbi tó ti ya kúrò lára odò, ni kí asẹ́ wà, kí ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bá etí odò lọ, kí omi odò tó ń kọjá lè máa gbá a fúnra rẹ̀. Ní Hood River, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ tó ń fa omi odò sí oko èso ṣe irú asẹ́ kan tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ omi, tí kò ní ohun kankan tó ń yí lára rẹ̀: omi ń sáré gba orí rẹ̀ kọjá, díẹ̀ ń sẹ́ sísàlẹ̀ lọ sí oko, ẹja àti ewé á sì bá ìyókù padà sódò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni ti ojú ọ̀nà àbọ̀ yẹn. Bí asẹ́ bá wà nínú poro, ẹ gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tí ẹja yóò gbà padà sódò, kí omi sì máa wà nínú ọ̀nà náà nígbà gbogbo, kí ó má já lu òkúta.

Àwọn kan máa ń fi ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe asẹ́ ẹnu poro. Ó dára, ó pọ̀ nílẹ̀, ó sì ń dá ẹja àgbà dúró. Kí ẹ sáà ti mọ̀ pé ti ọmọ ẹja kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dí poro, ẹ má dí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí ẹja lè tẹ̀lé omi jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn ọmọdé pẹ̀lú agbọ̀n àti garawa kí wọ́n ṣa àwọn tó bá há sínú kòtò, kí wọ́n sì dà wọ́n padà sínú ibú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó èyí tó bá tóbi tó ọbẹ̀ lọ sílé. Kò sí ọmọ tí ẹ ó tún bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀pá àmì

Àgò tó dára jù láyé kò lè gba ẹja inú ibú tí a fà gbẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kí fífa omi tó gbóná, ẹ ri ọ̀pá kan mọ́ ibi tó jìn jù nínú ibú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa kùn ún níbi tí omi kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ kọjá. Èrò tèmi ni pé ibi tó jìn jù kò gbọdọ̀ dín sí ìbàdí àgbàlagbà, ibú náà kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ dín sí ìdajì bó ṣe fẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ri ọ̀pá. Ẹni tó bá ń pẹja níbẹ̀ lè ní èrò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí omi bá kan ọ̀dà, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́ nínú ibú yẹn, ì báà jẹ́ ti olóyè.

Bí ẹ bá ní ibú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin ara yín, ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀, èyí tó jìn jù tí igi ṣíji bò, tí ẹnikẹ́ni kò ní fa omi rẹ̀ láti oṣù kìíní títí òjò yóò fi dé. Àwọn ìlú wa ti ní irú odò bẹ́ẹ̀ rí, tí èèwọ̀ dáàbò bo ẹja inú rẹ̀. Ẹ kò nílò èèwọ̀ tuntun, àdéhùn tó.

Ìgbésẹ̀ 8: Àdéhùn láàrin àgbẹ̀ àti apẹja

Tútù ni à ń ká ẹja. Bí ẹ bá dúró di oṣù kẹta kí ẹ tó pe ìpàdé, nígbà tí ata ti ń rọ tí ibú sì ti gbẹ, ìjà ni ẹ ó pè. Ẹ pè é ní oṣù kẹwàá, nígbà tí omi ṣì pọ̀ tí inú sì tutù.

Àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ju àwọn olóko ẹ̀fọ́ lọ: apẹja, àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àwọn tó ń pọn omi ibú náà mu, ẹni tó ni ilẹ̀ etí odò, àti baálẹ̀ tàbí aṣojú ọba. Nínú ìpàdé kan tí mo bá wọn jókòó, gbogbo ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ tán nípa ẹ̀rọ àti epo kí ìyá kan tó ń yan ẹja tó nawọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n yín níwèé, inú odò yìí ló ti wá. Lẹ́nu ọdún mẹ́rin yìí, ọjà ni mo ti ń ra ẹja dídì." Olórí àwọn àgbẹ̀ dìde, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe?" Ibẹ̀ ni ìpàdé náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà kéré, kí ó sì ṣeé wò. Ohun mẹ́rin tó: kí ẹ̀rọ kankan má wọ odò láì ní àgò, kí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ bí omi bá kan ọ̀dà, kí a má fọwọ́ kan ibú tí a yà sọ́tọ̀, kí apẹja náà má sì fi àwọ̀n tímọ́tímọ́ tàbí oògùn pẹja nínú ibú nígbà tí omi bá fà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Àgbẹ̀ tó náwó ra àgò, tó wá rí apẹja tó ń kó ọmọ ẹja kan náà lọ́sàn-án gangan, kò ní fọ àgò rẹ̀ mọ́.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí olúkúlùkù lọ bá wẹ́dà rẹ̀. Ẹ ka iye ẹ̀rọ tó wà nínú àkùrọ̀ náà, ẹ ra irin àti àwọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí àjọ, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún wẹ́dà ìlú yín, kí owó náà lè dúró sílé. Wíwé àwọ̀n àti rírán rẹ̀ kò nílò wẹ́dà. Ẹ ṣe é ní àáró, ẹ̀rọ tèmi lónìí, ẹ̀rọ tìrẹ lọ́la. Ẹni tí kò bá lè san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó san án nígbà ìkórè.

Ẹni tí mo rò pé ó yẹ kó máa ṣọ́ àwọn àgò ni apẹja. Òun ló ń jí lọ sódò kí ẹnikẹ́ni tó dé oko, òun ló sì máa kọ́kọ́ rí àwọ̀n tó ya tàbí páìpù tí ẹnì kan sọ sómi ní ìhòòhò. Ẹ fún un ní nǹkan fún iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ apẹ̀rẹ̀ ata kan lọ́sẹ̀. Ní abúlé kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, apẹja náà ń fọ àgò fún àwọn tó ń jí pẹ́, ó sì ń gba owó ìfọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà gbà pé ó dùn ju kí ẹ̀rọ bàjẹ́ lọ.

Bí ẹ bá nílò ẹni tó lè bá yín wo irú ẹja tó wà nínú odò tàbí tó lè ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní ọgbà Fásitì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì tó wà ní Ìkọ̀lé, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà káàkiri. Ẹ kọ lẹ́tà, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó ń yá ju kí ẹnì kan ṣoṣo lọ kan ilẹ̀kùn lọ.

Nígbà tí òjò bá dé

Lẹ́yìn òjò ńlá kejì tàbí ìkẹta, tí odò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ibú kan dé èkejì, ẹ kó gbogbo àgò jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbá wọn mọ́, ẹ sá wọn sóòrùn, ẹ fi ọ̀dà kun irin níbi tó bá ti ń dípẹtà, kí ẹ sì so wọ́n rọ̀ sí àjà níbi tí èkúté kò ti ní gé àwọ̀n ọlọ́ràá jẹ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ìdérí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá àmì sílẹ̀ nínú ibú bí ìkún omi kò bá gbé e lọ. Bó bá gbé e lọ, ẹni tó rántí ibi tó wà ni kí ó tún un ri mọ́lẹ̀ ní oṣù kejìlá, pẹ̀lú apẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.